Oṣù Àwẹ̀ Kò Sí Nínú Ìṣirò Ọjà

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Mowé kì í ṣe ariwo ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Ìbàdàn tàbí èyí tó ń sáré bọ̀ láti Èkó. Bí wọ́n ṣe ń kàwó ni. Ọmọ Kétu ni mí, ní ìhà kejì ẹnubodè, níbi tí wọ́n ti ń ná sẹ́fà, tí tíṣà sì ń fi èdè Faransé kọ́ wa níwèé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi kí n tó gbọ́ Faransé lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ń bọ̀, mò ń sọ lọ́kàn ara mi pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mò ń lọ, kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ní kí ọmọbìnrin tó ń tajà wọn ìrẹsì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà fún mi. Ó wò mí bíi pé Gàmbàrí ni mo sọ.

"Àńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Kí wá ni mo sọ?"

"Èmi ò mọ̀ o. Ṣé wáàn-fáìfù ni àbí tú-fáìfù?"

Èmi náà ò mọ èwo ló ń jẹ́ wáàn-fáìfù. A dúró, à ń wo ara wa. Nígbà tó yá, mo na owó sí i, ó mú èyí tó tọ́ síbẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Àgànyìn."

Inú bí mi dé góńgó. Kí ló kan èmi kan Àgànyìn? Kétu tí mo ti wá, ìlú ọba ni, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la títì kọjá ní Mowé. Mo fẹ́ sọ gbogbo èyí fún un, àmọ́ àwọn oníbàárà ti tò sẹ́yìn mi, wọ́n sì ń yára. Gbogbo èèyàn ló ń yára ní Mowé. Mo gbé ìrẹsì mi, mo bá tèmi lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìlú yẹn ti máa ń sá lọ sí Èkó. Ilé tí mo háyà yàrá sí, yàrá kọjú sí yàrá ni, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago méje àárọ̀, kò ní sẹ́nì kankan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ àfi èmi àti ewúrẹ́ onílé. Lálẹ́, wọ́n á padà dé, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á kí mi bí wọ́n ṣe ń kọjá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ní ilé tiwa, bí èèyàn bá kí ẹ tán, wàá ti mọ bí ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe ń dun ìyá yẹn tó. Mo wá rí i pé èèyàn lè gbọ́ èdè ibì kan kó má sì rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìyá mi máa ń pè mí ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

"Ṣé wọ́n ń sọ Nàgó níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe Yorùbá tiwa.

"Wọ́n ń sọ ọ́, Ìyá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bù lé e lórí."

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Gbogbo ayé ló ń fi náírà sílẹ̀, tí wọ́n ń wá sẹ́fà bọ̀ ní Kútọnù. Ìwọ lo gbé tìẹ, o kọjú sí Nàìjíríà. Kí lo rí níbẹ̀ gan-an?"

Iṣẹ́ ni mo rí. Mo ti kọ́ ìṣirò owó ilé iṣẹ́ ní Kútọnù, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo jókòó lé e títí, kò sẹ́ni tó pè mí. Àlàájà ló pè mí. Oníbàárà ìyá mi ni láti ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ ń tajà lẹ́nubodè, ó sì ti wá ní ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá méjì báyìí, ńlá ní Mowé, kékeré ní Ifọ̀. Ó ní òun ń wá ẹni tó mọ̀wé owó, tí kò sì ní ẹbí nítòsí tí yóò máa wá tọrọ píọ̀-wọ́tà ọ̀fẹ́.

Akáúńtáǹtì rẹ̀, Bọ̀dá Káyọ̀dé, ló gbà mí síṣẹ́. Ìbàfò ló ń gbé, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ó sì fẹ́ràn ẹ̀pà sísun. Ó kọ́ mi ní kíka owó lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà sì sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tó ń ròyìn yẹn, ọ̀kẹ́ kan ni. Ó ní, "Ọ̀kẹ́ kan! Bàbá bàbá mi máa ń sọ ọ́, mo rò pé orúkọ àpò ni." Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ìyá Ọ̀kẹ́. Ó sàn ju Àgànyìn lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí Ifọ̀. Ibẹ̀ lara mi ti balẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ìyá arúgbó kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Lèsí nìyẹn?" Àwọn ọmọ Mowé á ní "ta nìyẹn." Ó jọ bí ìyá ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀gbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Olórí àwọn obìnrin tó ń di omi sínú báàgì ló mú mi wọlé, Ìyá Rúka. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, owó báàgì tó ń dì ló fi ń tọ́ ọmọ. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Tín-ín-rín báyìí? Ẹ wá jẹun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ." Ẹ̀ẹ̀kan náà ló fi "ẹ" pè mí. Nígbà tó jẹ́ pé mo lè jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, ó gbàgbé ẹ̀kọ́ ọ̀fíìsì, ó di "ìwọ," inú mi sì dùn sí i.

Ìgbà kan wà tí mo bá oní-màrúwá kan fa wàhálà ní ojú irin. Ó fẹ́ gba ìlọ́po méjì owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi torí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo fi Yorùbá Kétu bẹ̀rẹ̀, mo já a sí Gẹ̀ẹ́sì, mo fi Faransé díẹ̀ kádìí rẹ̀. Ó ní, "Áà, màdáàmù, ẹ mú owó yín, ẹ jọ̀ọ́." Mo rìn wọ ilé iṣẹ́ bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ìyá Rúka ní kí n tún un sọ fún gbogbo wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń ta sílẹ̀.

Nígbà tí àwẹ̀ Ràmàdáánì dé ni mo tó mọ irú ilé iṣẹ́ tí mo wà. Tí a bá ti kí ìrun alásàrí tán lójoojúmọ́, ọjà dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ ò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀. Omi sàárà ló kù. Àlàájà fẹ́ kí gbogbo mọ́ṣáláṣí tó wà láyìíká rí omi tútù ṣínu. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, láàdá ni wọ́n ń wá, kódà àwọn tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárín wọn kì í lọ sílé. Àwọn èèyàn tí ì bá ra omi náà kì í rà mọ́, wọ́n á dúró de ti ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, mo mú bírò mi, mo fẹ́ máa kọ iye báàgì tó ń jáde sílẹ̀ bí ìṣe mi. Ìyá Rúka gbá ọwọ́ mi.

"Gbé bírò yẹn jìnnà! Ṣé ẹ máa ń ka sàárà ní Kétu ni?"

"Iṣẹ́ mi ni o, Ìyá Rúka."

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́. Gbé báàgì, ó yá."

Mo gbé báàgì. Nígbà tí ládàánì pè, a jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, a fi ògì àti àkàrà ṣínu, apá mi ń ro mí, aṣọ mi tutù. Mo wo yíká, mo rí i pé ọjọ́ ti ń lọ tí mi ò rántí pé mo wà nílẹ̀ àjèjì. Oṣù yẹn ni mo gbádùn jù lọ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mo lè búra.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àlàájà pè mí sí ọ̀fíìsì Mowé. Bọ̀dá Káyọ̀dé wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àlàájà ní òun fẹ́ ti ilé iṣẹ́ Ifọ̀ pa. Kí wọ́n máa di gbogbo omi ní Mowé, kí wọ́n máa fi ọkọ̀ ńlá gbé e lọ fún àwọn oníbàárà Ifọ̀. Owó ọkọ̀ náà máa tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ lóṣù.

"Káyọ̀dé, ṣàlàyé fún un," ó ní.

Ó ṣàlàyé, ọ̀nà náà ò sì ṣàjèjì sí mi, wọ́n kọ́ wa ní Kútọnù. Ìnáwó ilé iṣẹ́ pín sí méjì. Ọ̀kan wà tí kì í yẹsẹ̀, bíi owó ilé àti owó ọdẹ. Bí o ta omi, bí o ò tà, wàá san án. Èkejì ń bá iṣẹ́ rìn, bíi ọ̀rá àti dísẹ́ẹ̀lì àti owó àwọn tó ń dì í. Bí báàgì ṣe ń pọ̀ sí i ni òun náà ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n méjèèjì máa ń lọ́ mọ́ra wọn nínú ìwé. Láti yà wọ́n, ọ̀nà tó yá jù ni kí o mú oṣù tí ọjà pọ̀ jù lọ àti oṣù tí ó kéré jù lọ, kí o wo ohun tó wà láàárín wọn. Oṣù tó gbóná ṣáájú àwẹ̀, a ta ọ̀kẹ́ kan báàgì. Oṣù àwẹ̀, a ta ẹgbàárin péré. Ẹgbàafà báàgì ló wà láàárín méjèèjì. Ìnáwó wọn sì fi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin jura lọ. Pín in, báàgì kọ̀ọ̀kan ń jẹ àádọ́rùn-ún náírà péré. Ìyókù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta lóṣù, di èyí tí kì í yẹsẹ̀.

"Mílíọ̀nù mẹ́ta ń jóná ní Ifọ̀ lóṣooṣù," Àlàájà ní, "mo sì lè fi mílíọ̀nù kan àbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ta ni yóò wá máa wo owó tó ń jóná?"

Bí mo ṣe gbọ́ "oṣù àwẹ̀" ni mo ti mọ ibi tó ti dàrú. Ẹgbàárin báàgì ni a tà, kì í ṣe ẹgbàárin ni a dì. Ọ̀rá àti dísẹ́ẹ̀lì omi sàárà wà nínú ìnáwó oṣù yẹn, omi náà ò sì sí nínú iye báàgì. Mo la ẹnu.

"Àlàájà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, omi sàárà yẹn..."

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ohun tí mo fún Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi kà á. Bí n ó bá ti gbogbo ilé iṣẹ́ pa, kí n tì í pa."

Mi ò fà á gùn, mo kí wọn, mo jáde. Obìnrin náà ò ṣe mí níbi rí, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ sì ni. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, ìyá mi pè. Mo sọ fún un pé wọ́n lè ti ibi iṣẹ́ mi.

"Alhamdulillah," ó ní. "Máa bọ̀ wálé."

Ẹkún gbọ̀n mí, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù. Wálé tó sọ yẹn ni mo ti ń fojú sọ́nà fún láti ìgbà tí mo dé. Ó wá sọ ọ́, mi ò sì fẹ́ lọ. Mo ń rò ó bóyá ọmọ burúkú ni mí. Èèyàn lè ní ìyá ní ibì kan kó sì ní àwọn tó ń retí rẹ̀ ní àárọ̀ ní ibòmíràn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi pé ó máa ń dunni tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé Ifọ̀, Ìyá Rúka ti gbọ́. Kò pariwo rárá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀."

"Owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi," ó ní, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájà àti Bọ̀dá Káyọ̀dé ń bọ̀ wá wo àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ kó. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Mo fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ògiri fún iye báàgì, mo fa òmíràn lọ sókè láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìnáwó, mo wá to àmì kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan láti ọdún tó kọjá. Mo kan ìṣó mọ́ àmì oṣù tí ọjà ti pọ̀ jù, mo kan òmíràn mọ́ ti oṣù àwẹ̀, mo na òwú ìránṣọ láti ọ̀kan sí èkejì. Mo sún sẹ́yìn, mo sì dúpẹ́. Gbogbo oṣù yòókù ló wà lábẹ́ òwú, kò sí ọ̀kan tó wà lókè rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wò ó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bọ̀dá Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó súfèé.

"Oṣù méjì péré ni mo fi sọ̀rọ̀ fún gbogbo ọdún," ó ní. "Ìlà tó dáa yẹ kó gba àárín gbogbo oṣù kọjá, kí àwọn kan wà lókè, kí àwọn kan wà nísàlẹ̀."

Mo tú òwú lára ìṣó oṣù àwẹ̀, mo nà án gba àárín àwọn àmì yòókù. Wọ́n tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Oṣù àwẹ̀ nìkan ló dá dúró lókè réré.

"Àmọ́ Ìyá Ọ̀kẹ́, o ò lè yọ oṣù kan sọnù torí pé kò bá ẹ lára mu," ó ní. "Àyàfi tí ìdí bá wà. Láìsí ìdí, màgòmágó ni."

Òótọ́ ló sọ. Ìdí náà sì rèé, mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Mo wo Àlàájà. Ó dúró, ó ń wo ògiri, tẹ̀súbà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àlàájà," mo ní, "mi ò bi yín ní iye. Mi ò sì ní bi yín láéláé. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì sàárà àti ọ̀rá sàárà, inú ìwé ọjà ni wọ́n wà. Oṣù yẹn kì í ṣe ti ọjà nìkan. Tí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ẹni tó ni ín, ká fi àwọn oṣù tó kù ṣe ìṣirò."

Ó yíjú sí Bọ̀dá Káyọ̀dé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Káyọ̀dé. Ìwọ ti ka sàárà mi mọ́ owó tí mo fi ń ṣòwò?"

"Àlàájà, ó wà nínú rìsíìtì, mi ò mọ̀ pé..."

"Sàárà mi lo fi ń ṣírò bóyá kí n lé àwọn tó bá mi ṣe é lọ?" Ó nawọ́ sí ògiri. "Astagfirullah! Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀! Yọ ọ́ kíá, kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi! Láti ọdún tó ń bọ̀, inú àpò èmi fúnra mi ni dísẹ́ẹ̀lì sàárà á ti máa jáde, kó má tún kan ìwé yín mọ́."

Bọ̀dá Káyọ̀dé ti ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó yọ oṣù àwẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ wá ìlà tó sún mọ́ gbogbo àwọn oṣù tó kù jù lọ. A dúró tì í. Báàgì kọ̀ọ̀kan ń jẹ ọgọ́sàn-án náírà. Ìnáwó tí kì í yẹsẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan lọ. Ó kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú mi, ó wá kọ owó ọkọ̀ ńlá sábẹ́ rẹ̀.

"Mílíọ̀nù kan àbọ̀ láti fi gba mílíọ̀nù kan sílẹ̀," ó ní. "Àlàájà, àdánù ni mo fẹ́ kó yín sí. Ẹ forí jì mí."

"Ọlọ́run ló ń forí jini," Àlàájà ní. Ó jókòó sórí ròólù ọ̀rá kan, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. "Mi ò tì í mọ́. Lọ sọ fún wọn."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́, Àlàájà."

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ẹsẹ̀ ń ro mí. Lọ."

Mo jáde sí àgbàlá. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ dáadáa lọ́nà, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. "Wọn ò tì í mọ́ o," ni mo kàn sọ. "A máa wà níbí."

Àwọn kan pariwo, ẹnì kan ń kí Ọlọ́run. Ìyá Rúka ò pariwo. Ó rìn wá bá mi, ó di ìró rẹ̀ mú, ó sì kúnlẹ̀ síwájú mi, ìyá tó bí àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́mọ, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Mo kígbe pé èèwọ̀! Mo ń fà á lápá, kò dìde. Èmi náà bá wólẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ dìde. Òun ní àfi kí n kọ́kọ́ dìde. Èmi ní kò ṣeé gbọ́ sétí, ìyá mi á pa mí. Omi ń wọ aṣọ wa lórí eékún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí wa ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, ó dì mí lọ́rùn mú, kò sì sẹ́ni tó gbà láti kọ́kọ́ dìde nínú àwa méjèèjì.